Ẹ̀gbà Ọwọ́ Onílẹ́tà, Tíṣáàtì àti Báàjì: Ohun Ọ̀ṣọ́ Olórin Tí Ọ̀dọ́langba Lè Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe Nílé

Ẹ̀gbà ọwọ́ onílẹ́tà tó bá já láàárín èrò, ẹ má bínú sí ìlẹ̀kẹ̀: kókó ló tú. Tíṣáàtì tí orúkọ ara rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà lẹ́yìn ìfọ̀ kejì, ọ̀dà ògiri ni wọ́n fi kùn ún. Báàjì tí fọ́tò rẹ̀ ti di àbàwọ́n, wọn ò fi téèpù bo fọ́tò náà kí gúlù tó kàn án. Ohun mẹ́ta yìí la ó ṣe níbí. A ó pẹ́ jù lórí ẹ̀gbà ọwọ́, torí òun ló rọrùn jù lójú, òun náà ló sì ń tètè dójú tini.

Eras Tour, ìrìn àjò eré orin Taylor Swift, olórin ọmọ Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Glendale ní ìpínlẹ̀ Arizona ní oṣù kẹta ọdún 2023, tó sì parí ní Vancouver ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ló sọ ẹ̀gbà ọwọ́ onílẹ́tà di ohun tí àwọn olólùfẹ́ olórin ń fún ara wọn nínú pápá eré. Ẹni méjì tí wọn ò mọ ara wọn rí á pàdé, èyí á bọ́ ọ̀kan lọ́wọ́, tọ̀hún náà á bọ́ tiẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ kì í ṣe nǹkan tuntun. Lẹ́tà orí rẹ̀ ni tuntun. Ohun tí ẹ ó kọ kò sì wọ́n: MORAYO, àwo Wizkid ti ọdún 2024, tó fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè, 30BG fún ìjọ Davido, OUTSIDERS fún ti Burna Boy, AYRA fún Ayra Starr, tí wọ́n bí ní Kùtọnu, ỌLỌLADE fún Asake, torí Ahmed Ọlọ́ládé ni orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ohun tí ẹ ó rà fún ẹ̀gbà ọwọ́

Ìlẹ̀kẹ̀ onílẹ́tà tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó rí pẹlẹbẹ, tó sì rí roboto: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 4, wọ́n á sì kọ 4×7 sára ọ̀rá rẹ̀. Ihò rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan jáde sí ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí náà mìlímítà 7 ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí okùn. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, a ó lò ó láìpẹ́. Èyí tó rí bíi ṣúgà onígun náà wà. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sábà máa ń kọ lẹ́tà sí lára tirẹ̀, kò sí wàhálà bó bá yí, àmọ́ igun rẹ̀ máa ń gún èèyàn lára bí ẹ̀gbà náà bá há díẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ ó fi kún ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà ni pẹlẹbẹ aláràbarà tí àwọn tó ń tà á ń pè ní clay beads. Èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6 ni kí ẹ rà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 1, ìyẹn ni pé nǹkan bíi 10 ló máa ń wọ sẹ̀ntímítà kan. Ẹ ra okùn rọ́bà ìlẹ̀kẹ̀ tó jẹ́ mìlímítà 0.8. Èyí tó jẹ́ 0.5 á máa já, èyí tó jẹ́ 1 á sì ṣòroó dì ní kókó, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba ihò lẹ́tà mìíràn kọjá. Ẹ wá wá ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ wúrà kan péré tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Inú rẹ̀ ni kókó máa sá pamọ́ sí. Ẹ fi sẹ́lótéèpù, rúlà, àlùmọ́gàjí tó mú àti kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀ kún un. Ní Èkó, Balógun àti Ìdúmọ̀tà ni ẹ ó ti rí gbogbo èyí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra nídìí ọ̀rá lẹ́tà àdàlù. Òyìnbó ni wọ́n ń ro nígbà tí wọ́n ń dì í: X àti Q á kún inú rẹ̀, A àti O tí orúkọ tiwa ń jẹ bí ẹni jẹ ẹ̀pà á sì tán ní ẹ̀gbà kẹta. Bí ẹ bá rí ọ̀rá tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ ra A kan àti O kan lọ́tọ̀. Bí lẹ́tà bá wá tán pátá, ẹ yí èyí tó kù: M tí a dorí rẹ̀ kodò di W, N tí a fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ di Z. Èyí tí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kò ní rọrùn lórí okùn, torí ihò rẹ̀ á wà lókè àti nísàlẹ̀ dípò ọ̀tún àti òsì, nítorí náà ẹ tọ́jú ọgbọ́n yìí di ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Nọ́ńbà kì í sábà sí nínú ọ̀rá lẹ́tà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ 30BG lè fi O rọ́pò òdo, àmọ́ 3 gbọ́dọ̀ wá láti inú ọ̀rá nọ́ńbà.

Kò sí ọ̀rá kankan tó ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Àmì abẹ́ rẹ̀, ọwọ́ yín ló máa fi sí i. Ọ̀pọ̀ á mú máákà, wọ́n á tò ó, wọ́n á wá fi kútẹ́ẹ̀sì bò ó kó má baà parẹ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́, torí omi inú kútẹ́ẹ̀sì ló ń yọ́ yíǹkì máákà, àmì náà á sì ṣàn di ìrùngbọ̀n. Ẹ fi máákà sílẹ̀. Ẹ da kútẹ́ẹ̀sì dúdú díẹ̀ sórí ìdérí ìgò, ẹ ti orí píìnì bọ̀ ọ́, ẹ nu ún lẹ́ẹ̀kan sára bébà kí èyí tó pọ̀ jù kúrò, kí ẹ wá fi kan etí ìsàlẹ̀ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àyè ibẹ̀ kò ju mìlímítà 1 lọ. Bó bá ti ju ẹyọ kan lọ, ẹ tètè nù ún kó tó gbẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Ìwọ̀n

Ẹ fi okùn lásán yí ọrùn ọwọ́ po níbi tí ẹ̀gbà máa jókòó sí, ẹ fa okùn náà sára rúlà. Kí ẹ fi sẹ̀ntímítà 1.5 kún iye tí ẹ bá rí. Ìlẹ̀kẹ̀ nípọn, nínípọn yẹn ló ń jẹ àyè inú ẹ̀gbà. Ẹni tí kò bá fi kún un á rí i pé ohun tó bá rúlà mu kò bá ọwọ́ mu.

Ká sọ pé ọrùn ọwọ́ jẹ́ sẹ̀ntímítà 15, tí ẹ sì fẹ́ kọ ỌLỌLADE. Gbogbo ẹ̀gbà á jẹ́ 16.5, ìyẹn mìlímítà 165. Lẹ́tà 7 ní ọ̀nà mìlímítà 7 jẹ́ 49. Ẹ yọ 49 kúrò nínú 165, ó ku 116. Ẹ pín in sí méjì: mìlímítà 58 lápá òsì, 58 lápá ọ̀tún. Bí ìlẹ̀kẹ̀ wúrà tó máa gbé kókó bá jẹ́ mìlímítà 4, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú apá ọ̀tún. Ẹ má ka ìlẹ̀kẹ̀ pẹlẹbẹ ní ẹyọ-ẹyọ, torí nínípọn wọn kì í dọ́gba, òmíràn fẹ́lẹ́ bí kóró ata. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, kí ẹ dúró níbi 58 lápá òsì, níbi 54 lápá ọ̀tún.

OUTSIDERS ní lẹ́tà 9, mìlímítà 63 nìyẹn. Lọ́wọ́ ọmọ tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 13, lẹ́tà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ẹ̀gbà, O àti S á sì yí sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà 7 lọ ló máa ń jókòó dáadáa.

Títò àti dídì

Ẹ gé okùn rọ́bà sẹ̀ntímítà 30. Kí ìlẹ̀kẹ̀ kankan tó wọ ọ́, ẹ di orí méjèèjì mú, ẹ fà á gùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kó já. Rọ́bà tuntun máa ń gùn sí i ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fà á. Bí ẹ ò bá fà á báyìí, ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa fà á, nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta okùn á ti máa yọjú láàárín ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ orí kan mọ́ tábìlì lápá òsì yín. Ìlẹ̀kẹ̀ apá òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ kó wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà lẹ́tà àkọ́kọ́, ìkejì, títí dé ìkẹyìn, kí gbogbo lẹ́tà kọjú sókè. Lẹ́yìn ìyẹn apá ọ̀tún, kí ìlẹ̀kẹ̀ wúrà sì kẹ́yìn. Ẹni tó bá lẹ okùn mọ́ apá ọ̀tún, tó sì bẹ̀rẹ̀ láti Ọ, á rí EDALỌLỌ nígbà tó bá gbé e sókè. Ẹ kà á sókè ketekete kí ẹ tó dì í.

Kókó rèé o. Ẹ gbé orí okùn ọ̀tún lé ti òsì bí ẹni fẹ́ so okùn bàtà. Dípò kí ẹ yí i po lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí i po lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fà á. Ẹ fi omi tọ́ ọ díẹ̀, kí ẹ fà á lọ́ra: ẹ ó rí i tí ìyípo méjèèjì ń sún mọ́ ara wọn, tí wọ́n sì lọ́ pọ̀ bí ìrun tí wọ́n kó, títí ìlẹ̀kẹ̀ á fi fara kan ara wọn. Ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá fà á jù, ẹ̀gbà á dìde bí ìka tó rọ, kò ní tẹ́jú sí ọwọ́. Ẹ wá di ìkejì lé e, ìyípo méjì náà ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí orí òsì ni kó gun ti ọ̀tún. Kókó méjì tí wọ́n dì sí apá kan náà máa ń yọ̀ bí ẹ bá ti fà wọ́n.

Ẹ di ẹ̀gbà mú lápá méjì, ẹ fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kókó bá rìn, ẹ tún un dì. Bí kò bá rìn, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ kan ṣoṣo kàn án, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, ẹ gé orí okùn kó ku mìlímítà 2 sí 3, kí ẹ wá fa kókó wọ inú ìlẹ̀kẹ̀ wúrà. Ẹ má ṣe fi súpágúlù sí i. Ó máa ń sọ rọ́bà di gbígan níbi tó bá kàn, ibi tó gan yẹn ló sì máa kán nígbà tí ẹ bá ń fà á kọjá lórí ọwọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti fi í sí i, ẹ gé okùn náà dànù. Ìlẹ̀kẹ̀ ò bàjẹ́.

Ẹni tó ń kó púpọ̀ lọ fún pàṣípààrọ̀, kó má wọ gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́. Bí ó bá kó wọn sórí píìnì ńlá kan, kó fi kọ́ báàgì, wọ́n á rọrùn láti yọ.

Tíṣáàtì tí a fi pátákó ihò tẹ̀

Tíṣáàtì tó jẹ́ òwú pátápátá ni kí ẹ lò. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù àti aṣọ dídán kò ní gba iná áyọ́ọ̀nù tí ọ̀dà nílò. Wọ́n á yọ́. Ẹ kọ́kọ́ fọ tíṣáàtì tuntun, kí ẹ sì sá a láìfi sítáàṣì tàbí omi òórùn dídùn kankan sí i, torí sítáàṣì tó wà lára aṣọ tuntun ló ń dí ọ̀dà lọ́wọ́ àtiwọnú òwú.

Ọ̀dà tó wúlò ni èyí tí wọ́n ṣe fún aṣọ. Bí kò bá sí, ẹ lo ọ̀dà akírílíìkì tí àwọn ayàwòrán ń lò, kí ẹ pò ó mọ́ omi ìpò-ọ̀dà aṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ìwọ̀n ọ̀dà 2 sí ìpò 1, àmọ́ ohun tó wà lára ìgò ni kí ẹ tẹ̀lé. Ọ̀dà ògiri tó kù nínú garawa lẹ́yìn ilé, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó máa ń gan, ó sì máa ń là.

Ká ní REMA lẹ fẹ́ kọ. Fífẹ̀ àyà tí orúkọ máa jókòó sí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ sẹ̀ntímítà 25: lẹ́tà 4, sẹ̀ntímítà 5.5 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyè sẹ̀ntímítà 1 láàárín wọn. Gíga lẹ́tà á jẹ́ 8, ara lẹ́tà kò sì gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju sẹ̀ntímítà 1 lọ. Ẹ yà á sára ìbòrí fáìlì oníke: òun ló máa di pátákó ihò wa. Páálí náà ṣe é ṣe, àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì ó ti rọ. Ẹ fi kọ́tà gé e lórí pákó, kí ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn ojú abẹ, kì í ṣe níwájú rẹ̀.

R àti A ní inú. Bí ẹ bá gé R bí ẹ ṣe yà á, inú rẹ̀ á já bọ́ sílẹ̀, ohun tí ẹ ó rí lórí aṣọ á di odindi àbàwọ́n. Ẹ fi afárá méjì, fífẹ̀ mìlímítà 3 sí 4, so inú lẹ́tà mọ́ ìta rẹ̀ kí ẹ tó gbé abẹ. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ti mọ èyí tipẹ́: páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n gé ihò sí ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, kò sì sí òrùka kan nínú iṣẹ́ páànù tí kò ní afárá tirẹ̀. Ẹ má wo afárá bí àléébù. Òun ló ń jẹ́ kí lẹ́tà rí bíi ti ara àpótí ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ rárá lè fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn ún nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ.

Ẹ ki páálí sínú tíṣáàtì kí ọ̀dà má baà kọjá sẹ́yìn. Òkè lẹ́tà kó jìnnà sí ọrùn aṣọ ní sẹ̀ntímítà 8. Ẹ fi téèpù lẹ etí ike náà yíká. Ẹ bu ọ̀dà bíi ṣíbí ìjẹun kan sórí àwo, ẹ fi fóòmù kékeré kàn án, kí ẹ tẹ fóòmù náà sára bébà títí tí kò fi ní fi omi sílẹ̀ mọ́, kó tó kan aṣọ. Ìtẹ̀ ni o, kì í ṣe ìfà. Òkè sísàlẹ̀, bí ẹni ń lu ìlù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀dà tó pọ̀ á sá wọ abẹ́ ike, etí lẹ́tà á sì hu irun. Ẹ tẹ ìpele àkọ́kọ́, ẹ dúró ìṣẹ́jú 20, ẹ tẹ ìkejì, kí ẹ ká ike náà kúrò kí ìkejì tó gbẹ pátápátá, lókè tààrà.

Lórí aṣọ dúdú, yẹ́lò àti pupa kì í yọ. Ẹ kọ́kọ́ tẹ funfun, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá tẹ àwọ̀ tó wù yín lé e láìṣí ike náà nípò. Ẹni tó bá ṣí i, tó tún fẹ́ gbé e padà, kò ní bá ojú rẹ̀ mu mọ́.

Ó di wákàtí 24 kí ẹ tó fi iná kàn án. Ẹ yí aṣọ sódì, tàbí kí ẹ tẹ́ aṣọ òwú lé orí lẹ́tà, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sí ìpele òwú, láìsí omi, kí ẹ lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí áyọ́ọ̀nù máa rìn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìfọ̀ àkọ́kọ́: omi tútù, inú síta, láìfi búrọ́ọ̀ṣì fọ ojú lẹ́tà.

Àwọn mìíràn á fẹ́ pa tíṣáàtì láró fúnra wọn kí wọ́n tó tẹ orúkọ sí i. Aró kámpálà tí wọ́n ń fi kọ́sítíìkì sódà pò kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ nínú ilé ìdáná. Ó ń jó ara, ó sì lè fọ́ni lójú. Ẹ gbé aṣọ fún aládìrẹ, kí ẹ wá máa tẹ orúkọ sí i nílé.

Báàjì ìdérí ìgò

Èyí kò pẹ́. Ẹ wá ìdérí ìgò mínírà tí kò tẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa ṣí i, ẹ fi owó kọ́ìnì lé orí ìdérí kí ẹ tó fi opúnà sí i, kò ní tẹ̀ láàárín. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ. Inú ihò rẹ̀ ni fọ́tò máa wà: ẹ gé e ní roboto, mìlímítà 25.

Fọ́tò tó jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onítàdáwà máa ń ṣàn bí gúlù bá ti kàn án. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù fífẹ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì gé e kó ku etí téèpù díẹ̀ yíká. Ẹ fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí. Ẹ wá da gúlù funfun tó ń gbẹ di dídán lé e, mìlímítà 1 péré. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òkè á gbẹ, ìsàlẹ̀ á wà bíi wàrà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ fi píìnì bẹ́ àwọn ìfófòó tó bá yọ. Ọjọ́ kan ló ń gbà láti gbẹ, nígbà òjò ó lè di méjì. Lẹ́yìn náà ẹ lè da ìpele kejì. Gúlù yìí kì í fẹ́ omi, nítorí náà kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ ni kó parí rẹ̀, kí òógùn àti òjò má baà tún sọ ọ́ di funfun.

Ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀yìn ìdérí títí ọ̀dà orúkọ mínírà á fi ṣí, torí bí gúlù bá di ọ̀dà mú, tí ọ̀dà kò sì di irin mú, píìnì á bọ́ tòun tọ̀dà. Ẹ po aradáìtì, gúlù alátúùbù méjì, ní ìwọ̀n kan náà, ẹ lẹ píìnì, kó sùn mọ́jú. Ẹ má gbé píìnì náà sí àárín gbùngbùn. Díẹ̀ sókè ni. Èyí tó wà láàárín máa ń jẹ́ kí báàjì dorí kodò, ilẹ̀ ni ojú olórin á sì máa wò.